Wọ́n Fagi Lé Pépà Wa: Ohun Tí Mo Kọ́ Nípa Màgòmágó Àwòrán

Bí ẹ bá wá orúkọ mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rí pépà kan tí wọ́n kọ RETRACTED, ìyẹn ni pé wọ́n ti fagi lé e, gàdàgbà sí lórí. Iṣẹ́ lórí ewúro àti ẹ̀dọ̀ eku ni. Àwa márùn-ún la jọ kọ ọ́, orúkọ tèmi ló ṣìkejì. Ǹ bá má tún sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n lọ́dọọdún ni mò ń rí àwọn ọmọ máàsítà àti ọmọ PhD tí wọ́n ń gba ojú ọ̀nà kan náà tí àwa gbà. À ń kọ́ wọn ní gírámà, à ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń to ìwé ìtọ́kasí, à ń kọ́ wọn ní ìṣirò. Tó bá wá kan àwòrán, ohun tí à ń sọ ni pé, "Ẹ lọ bá Bàbá ní histology, wọ́n á bá yín yà á." Histology ni ibi tí wọ́n ti ń gé ẹran ara fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láti yà á lábẹ́ maikirosíkóòpù. Ó parí síbẹ̀. Àwọn tó yẹ pépà tiwa wò kó tó jáde ní ká tún Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣe léraléra. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó ní ká mú fọ́tò wá. A fi ète sílẹ̀, a ń pa làpálàpá.

Iṣẹ́ náà kò ṣòroó ṣàlàyé. A fún àwọn eku ní carbon tetrachloride, kẹ́míkà tí í ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, a wá fún àwọn kan nínú wọn ní omi ewúro, 100, 200 àti 400 mg/kg, ká lè mọ̀ bóyá ó dáàbò bo ẹ̀dọ̀. Ẹgbẹ́ kan gba silymarin, oògùn tí wọ́n sábà máa ń fi ṣe òṣùwọ̀n nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ kan gba kẹ́míkà nìkan, ẹgbẹ́ kan kò gba nǹkan kan. Nígbà tó yá a pa wọ́n, wọ́n bá wa gé ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín wọn ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n pa á láró, wọ́n yà á lábẹ́ maikirosíkóòpù ní ×400. Àwòrán ẹ̀dọ̀ mẹ́fà, Panel A dé Panel F, ni Figure 3. Àwòrán kíndìnrín mẹ́fà ni Figure 4.

Pépà ti jáde ó lé ní ọdún kan kí ímeèlì olóòtú tó dé. Gbogbo wa ló kọ ọ́ sí, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ó ní òǹkàwé kan pe àkíyèsí wọn sí i pé Panel A àti Panel E nínú Figure 3 jọra ju bó ṣe yẹ lọ. Ó so àwòrán kan mọ́ ọn tí wọ́n ti fi ìlà pupa yí ibi tó jọra ká. Ó ní ká fi ojúlówó fáìlì ránṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ wo ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. A ni ẹ̀dọ̀ eku tí nǹkan kan kò ṣe. E ni ẹ̀dọ̀ eku tó jẹ májèlé tó sì mu ewúro tó pọ̀ jù. Bí A àti E bá jẹ́ ẹ̀dọ̀ kan náà, á jẹ́ pé ẹ̀dọ̀ aláìlárùn la gbé kalẹ̀ tí a wá ń pariwo pé ewúro ti wò ó sàn.

Mo ṣí i lórí fóònù, n kò rí nǹkan kan ju àwọ̀ àlùkò àti pupa rẹ́súrẹ́sú lọ. Mo ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, n kò rí i síbẹ̀. Ìgbà tí mo yí E dorí kodò ni ojú mi tó là. Ihò ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, tí wọ́n tò bí ààrò, ọ̀kan tóbi, méjì kéré, ibi tí ẹran ti ṣẹ́ po sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó tóbi. Nínú A, òkè lọ́wọ́ òsì ni wọ́n wà. Nínú E, ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún ni. Ara mi bù máṣọ.

Mo pe ọ̀gá wa. Wọ́n ti rí i. "Má tíì dá wọn lóhùn o," ni wọ́n wí. "Àwọn kan ló fẹ́ fà wá ṣubú. Ẹ̀dọ̀ eku jọ ẹ̀dọ̀ eku, àbí wọ́n fẹ́ kó jọ ti màlúù ni?" A jọ rẹ́rìn-ín. Ó wù mí kí n gbà wọ́n gbọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo sì ti gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn láti ìgbà náà, kò sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹ̀dọ̀ méjì lè jọra ní àwọ̀, kí wọ́n jọra ní ìrísí. Ṣùgbọ́n ibi tí ihò ẹ̀jẹ̀ wà, bí sẹ́ẹ̀lì ṣe tò yí i ká lọ́kọ̀ọ̀kan, ibi tí ọ̀bẹ ti ṣẹ́ ẹ po, ìyẹn kì í bára mu lẹ́ẹ̀mejì.

Àìróorunsùn ló sọ mí di òǹkàwé. Mo wá rí i pé àìsàn tó ṣe wá ti ń ṣe àwọn ẹlòmíràn tipẹ́. Ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì kan, Elisabeth Bik, onímọ̀ nípa kòkòrò àìfojúrí, fi ojú ara rẹ̀ wo pépà 20,621 láti inú jọ́nà 40, èyí tó jáde láàárín 1995 sí 2014. Lọ́dún 2016, òun pẹ̀lú Arturo Casadevall àti Ferric Fang tẹ èsì rẹ̀ jáde nínú jọ́nà mBio: 3.8 nínú ọgọ́rùn-ún pépà wọ̀nyẹn ló ní àwòrán tó ṣe méjì lọ́nà tí kò yẹ, ó sì kéré tán ìlàjì wọn ló jọ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Wọ́n pín in sí oríṣi mẹ́ta. Èkíní, wọ́n lo àwòrán kan náà lẹ́ẹ̀mejì bó ṣe rí. Èkejì, wọ́n sún un tàbí wọ́n yí i. Ẹ̀kẹta, wọ́n fọwọ́ kan inú rẹ̀, wọ́n lẹ nǹkan mọ́ ọn tàbí wọ́n pa nǹkan rẹ́. Oríṣi kejì ni tiwa.

Mo tún kà nípa Journal of Cell Biology, tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwòrán inú gbogbo pépà tí wọ́n bá gbà wò láti 2002, nígbà tí Mike Rossner ń ṣàkóso níbẹ̀. Nínú pépà tí àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ wò tí wọ́n sì ti fọwọ́ sí, wọ́n ní láti fagi lé bí ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ìdá kan nínú mẹ́rin ni wọ́n sì ní kí wọ́n tún àwòrán rẹ̀ ṣe. Ìdá kan nínú mẹ́rin! Mo kà á tán, mo wòye pé ká ní ẹnì kan bá wa wo tiwa bẹ́ẹ̀ kó tó jáde, ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan ni ì bá jẹ́.

Ọ̀dọ̀ Bàbá ni mo gbà lọ. Bàbá ti ń ṣe tẹkinólójíìsì ní histology kí èmi tó wọ fásitì, gbogbo ẹ̀ka ló ń gbé iṣẹ́ wá bá wọn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ka ímeèlì náà fún wọn. "Ìyàwó mi, èmi ò mọ ohun tó ń jẹ́ panel o," ni wọ́n wí. "Síláìdì tí ẹ gbé fún mi ni mo yà." Wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n gbé àpótí síláìdì wa jáde. Kò sọnù. Inú mi ti ń dùn, àṣé mo yára.

Máákà la fi kọ nọ́ńbà sára síláìdì. Ọtí àti xylene tí wọ́n fi ń fọ síláìdì kí wọ́n tó fi gíláàsì fẹ́lẹ́ bò ó a máa bó máákà, a sì máa bó báírò. Pẹ́ńsù nìkan ni kì í bó. Bàbá mọ̀, pẹ́ńsù ni wọ́n sì ń lò, ṣùgbọ́n àwa akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ nọ́ńbà tiwa kí a tó gbé síláìdì dé ọ̀dọ̀ wọn, a ò bi ẹnikẹ́ni. Nínú àpótí yẹn, nọ́ńbà àwọn kan ṣì hàn, ti àwọn kan ti di àbàwọ́n búlúù, àwọn mìíràn mọ́ fónífóní.

Fódà wa ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà tó so mọ́ maikirosíkóòpù. Mo wo ọjọ́ tí wọ́n ya fọ́tò, torí olóòtú béèrè rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ pátá ló ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2009. Bátìrì kékeré tó ń mú aago kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ti kú. Bí NEPA bá ti mú iná lọ, aago á padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀, a ò kà á sí. Ẹ̀rí tó yẹ kó gbè wá lẹ́yìn wá di ohun tó lè pa wá, torí ẹni tó bá rí i á ní a ti ní fọ́tò náà nílé kí a tó ra eku.

Ibi tí mo jókòó sí, tí mò ń ṣí àwọn fọ́tò wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, ni mo ti rí ìdọ̀tí kan. Inú kámẹ́rà ló wà, kékeré, aláwọ̀ eérú, ní igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì. Nítorí pé kì í ṣe orí síláìdì ló wà, ojú kan náà ló ń jókòó sí nínú gbogbo fọ́tò tí kámẹ́rà yẹn bá yà, ìbáà jẹ́ ẹ̀dọ̀, ìbáà jẹ́ ẹ̀dọ̀fóró. Mo ṣí fọ́tò 1, tó di Panel A: ìdọ̀tí wà nísàlẹ̀ lósì. Mo ṣí fọ́tò 5, tó di Panel E, tí ààrò mẹ́ta yẹn ti dorí kodò nínú rẹ̀: ìdọ̀tí ṣì wà nísàlẹ̀ lósì.

Ẹ bá mi fara balẹ̀ níbí. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan mú fọ́tò 1, tó yí i lórí kọ̀ǹpútà, ìdọ̀tí á bá a yí, á bọ́ sí òkè lọ́wọ́ ọ̀tún. Kò yí. Síláìdì ló yí, fọ́tò kò yí. Bàbá ti gbé síláìdì kan ṣoṣo sábẹ́ maikirosíkóòpù lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n kọ orí rẹ̀ síhìn-ín nígbà àkọ́kọ́, wọ́n kọ ọ́ sọ́hùn-ún nígbà kejì. Nọ́ńbà ara rẹ̀ ti bó, wọ́n rò pé ti ẹgbẹ́ karùn-ún ni. Fáìlì méjì ni, ìgbà méjì ni wọ́n yà á, ìmọ́lẹ̀ wọn kò tilẹ̀ dọ́gba. Àṣìṣe ni, kì í ṣe èrú. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó ní histology lọ́jọ́ yẹn.

Ṣùgbọ́n ojú tó ti là kì í padà dí. Mo ṣí fódà kíndìnrín. 1, 2, 3, 5, 6. Kò sí 4. Bẹ́ẹ̀ Figure 4 wa ní Panel D, tí í ṣe ẹgbẹ́ kẹrin, tó gba ewúro 200. Ibo la ti rí i? Mo ṣí pépà tó ti jáde, mo fẹ Panel D lójú títí. Ìdọ̀tí wà níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún ló wà.

Mo yí D po, bí ẹni tó ń wò ó nínú dígí, mo gbé e lé Panel F, ti silymarin. Wọ́n bára mu láìkù síbì kan.

Èyí kò ṣeé ṣàlàyé bíi ti ẹ̀dọ̀. Síláìdì ṣeé yí po lórí tábìlì maikirosíkóòpù, torí náà àwòrán lè dorí kodò láìsí ọwọ́ èrú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí òsì di ọ̀tún kí ọ̀tún di òsì, àfi kí wọ́n dojú síláìdì dé, ní ×400 ẹ ò sì ní rí nǹkan kan bẹ́ẹ̀, torí gíláàsì ti nípọn jù fún lẹ́ǹsì tó ní láti sún mọ́ ẹran pẹ́kípẹ́kí. Mo ti gbọ́ pé àwọn kámẹ́rà kan wà tí ẹ lè ṣètò kí wọ́n máa yí àwòrán po fúnra wọn. Bó bá jẹ́ ìyẹn, ìgbà méjì tí wọ́n yà á á hàn: fọ́tò méjì kì í ní ẹ̀ta kan náà, àwọn èérún wẹ́wẹ́ tí ẹ máa ń rí tí ẹ bá fẹ fọ́tò lójú gidi. Ẹ̀ta D àti F bára mu ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Fáìlì kan ni. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti yí i.

Mo mọ ẹni tó to àwòrán náà jọ. Mo pè é. Ó ti kúrò ní Nàìjíríà nígbà náà. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Prof ní kí n fi ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn dandan. Kò sí fọ́tò 4. Mo fi èyí dí ojú rẹ̀ ni, mo rò pé a máa pààrọ̀ rẹ̀ kó tó jáde." Mo ní kí ló dé tó yí i po. Kò fèsì sí ìyẹn.

Mo ti rí i lọ́dọ̀ ẹlòmíràn láti ìgbà náà, pé wọ́n á fi àwòrán gidi dí ojú àwòrán tí kò tíì sí, wọ́n á ní àwọn á padà wá, wọn ò ní padà. Nínú láàbù tèmi báyìí, ojú tó bá ṣófo, ó ṣófo nìyẹn: àpótí funfun, ká kọ KÒ TÍÌ SÍ sí i pẹ̀lú lẹ́tà pupa. Bó bá burẹ́wà lójú ọ̀gá, kí ọ̀gá fún wa ní ọjọ́ sí i.

Olóòtú kò béèrè Figure 4. Ìyẹn ló mú ọ̀rọ̀ náà le. Mo lọ bá ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì, mo ṣàlàyé ti ẹ̀dọ̀, ojú wọn dán. Mo wá ṣàlàyé ti kíndìnrín.

"Figure 4 ni wọ́n bi wá?"

"Rárá, sà."

"Kí ló wá gbé ọ débẹ̀?"

N kò rí èsì fọ̀. Mo jáde. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni a kò sọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn máa ń rò pé wíwá màgòmágó rí ni iṣẹ́ tó le. Wíwá a rí kò gba ọ̀sán kan. Ohun tó le ni kí ẹ mọ̀ ọ́n tán kí ẹ máa bá ẹni tó kọ́ yín níṣẹ́ pàdé ní kọ́rídọ̀, kí ẹ máa dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ẹ máa kúnlẹ̀, kí gbogbo yín máa díbọ́n. Ní àkókò yẹn mò ń ronú nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Japan lọ́dún 2014. Jọ́nà Nature tẹ pépà lórí sẹ́ẹ̀lì STAP, sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ní ó lè di oríṣi sẹ́ẹ̀lì mìíràn, jáde ní oṣù kìíní. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi rí i pé wọ́n ti gé ìlà kan láti ibòmíràn lẹ̀ mọ́ àwòrán jẹ́ẹ̀lì, pé àwọn àwòrán kan sì jáde láti inú tísíìsì PhD Haruko Obokata, ẹni tó ṣáájú nínú iṣẹ́ náà, tísíìsì tó dá lórí nǹkan mìíràn. Wọ́n fagi lé e ní oṣù keje. Yoshiki Sasai, ọ̀gá tó bá a kọ ọ́, kò sí ẹni tó sọ pé ó fọwọ́ kan àwòrán. Ìgbìmọ̀ RIKEN, ilé ìwádìí tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ náà, ní ẹrù rẹ̀ wúwo torí kò yẹ̀ ẹ́ wò bó ṣe yẹ. Ní oṣù kẹjọ, ó pa ara rẹ̀. N kò sọ ìtàn yìí fún ọ̀gá wa. Ṣùgbọ́n òun ni kò jẹ́ kí n lè fi ọ̀rọ̀ wọn ṣe yẹ̀yẹ́ fún ẹnikẹ́ni, títí dòní.

Ìyá kan nínú àwa márùn-ún, tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì, ló bá wa tú u. Wọ́n ní ẹni tó rí Figure 3 á wo Figure 4, bí kò bá tíì wò ó. Wọ́n ní ká fi ẹnu ara wa sọ ọ́. Ọ̀gá wa fọwọ́ sí lẹ́tà náà láì wo ojú mi.

Nínú lẹ́tà yẹn a ṣàlàyé ìdọ̀tí, a fi fáìlì méjèèjì ránṣẹ́, a ṣàlàyé aago kọ̀ǹpútà, a jẹ́wọ́ ti kíndìnrín. Olóòtú dúpẹ́. Wọ́n fagi lé pépà náà. Ohun tó dùn mí jù ni pé ti ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ti tó láti fagi lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ àṣìṣe: síláìdì ẹgbẹ́ karùn-ún gidi wà nínú àpótí, ṣùgbọ́n kò ní nọ́ńbà, a ò lè tọ́ka sí i. Ẹni tó ṣèrú àti ẹni tó fi máákà kọ nọ́ńbà, bákan náà ni wọ́n rí lójú olóòtú bí kò bá sí fáìlì tó dájú. Lọ́dún 2020, Tsuyoshi Miyakawa, olóòtú àgbà jọ́nà Molecular Brain, kọ̀wé pé òun béèrè ojúlówó dátà lọ́wọ́ àwọn tó kọ pépà 41. Àwọn 21 kó pépà wọn padà sílé láìfi nǹkan kan hàn. Ó fura pé àwọn kan nínú wọn kò ní dátà kankan. Bóyá. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ dájú pé láàbù wà tó ní dátà tí kò sì lè fi hàn, torí mo ti ṣiṣẹ́ nínú ọ̀kan.

Orí kan nínú tísíìsì mi ló bá a lọ. A tún ra eku. N kò ní sọ iye owó náà.

Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń gbé àwòrán wá bá mi kí wọ́n tó fi pépà ránṣẹ́. Bí mo ṣe ń wò ó nìyí, kò sí idán kankan nínú rẹ̀. N kì í wò ó lórí fóònù. Àwọn igun ni mo kọ́kọ́ ń wò, torí àwòrán méjì tí wọ́n yà lára ẹran kan sábà máa ń pàdé ní etí, ìsàlẹ̀ èyí á jẹ́ òkè ìyẹn. Mo máa ń wá ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: ibi tó ya, ibi tó ṣẹ́ po, èérí, àbàwọ́n aró. Mo ń yí àwòrán kọ̀ọ̀kan dorí kodò, mo ń yí i po bíi ti dígí. Bí mo bá fura sí méjì, mo ń gbé ọ̀kan lé èkejì nínú PowerPoint, màá dín bí ti òkè ṣe nípọn kù títí ti ìsàlẹ̀ á fi hàn. Ẹni tó bá ní GIMP, ọ̀fẹ́ ni, ó ní ohun tí wọ́n ń pè ní Difference: ibi tí àwòrán méjèèjì bá ti jẹ́ ọ̀kan á di dúdú kirikiri. Fún àwọn tó ń ṣe Western blot, àwòrán tó ń fi purotéènì hàn bí ìlà dúdú dúdú, ẹ mú ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn rẹ̀ le títí ẹ̀yìn àwòrán tó dà bíi pé ó funfun á fi jáde. Bí ẹ bá rí ìlà tó dúró ṣánṣán tí àwọ̀ eérú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì kò bára mu, wọ́n lẹ̀ ẹ́ ni. Lílẹ̀ ẹ́ nìkan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kí wọ́n fi ìlà hàn níbẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán. Bákan náà ni títan ìmọ́lẹ̀ sí i: ohun tí ẹ bá ṣe, gbogbo ojú àwòrán ni kí ẹ ṣe é sí, kó má ṣe pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́.

WhatsApp ńkọ́? Ẹ gbọ́ tèmi, ẹ má fi fọ́tò iṣẹ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí ẹ ṣe ń fi fọ́tò òde ránṣẹ́. Á fún un pọ̀, á yí orúkọ rẹ̀ padà sí WA0011, WA0012, á bó ọjọ́ àti àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ dànù. Bó bá di dandan, ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí dókúmẹ́ǹtì.

Ẹ má sì yára pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀daràn. Ẹran tí wọ́n gé tẹ̀ léra wọn láti ara búlọ́ọ̀kù kan, ìyẹn ìda tí wọ́n fi ẹran sínú rẹ̀ kí wọ́n tó gé e, a máa jọra gan-an; bí ẹ bá wò ó dáadáa, ihò á ti tóbi díẹ̀ sí i, sẹ́ẹ̀lì kan á ti lọ, òmíràn á ti dé. Fọ́tò JPEG tí wọ́n ti fún pọ̀ léraléra máa ń yọ igun mẹ́rin mẹ́rin kéékèèké tó jọ pé ẹnì kan fọwọ́ kàn án. Eku tí kò gba nǹkan kan lè hàn nínú àwòrán méjì bó bá jẹ́ iṣẹ́ kan náà, tí wọ́n bá ti sọ ọ́. Ọmọ máàsítà kan sunkún níwájú mi lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, èmi ni mo bẹ̀ ẹ́.

Àwòrán tí AI ń yà ni kò jẹ́ kí n fọkàn balẹ̀ báyìí. Lóòótọ́, èyí tó gbajúmọ̀ jù jẹ́ ẹ̀rín: ní oṣù kejì 2024, jọ́nà Frontiers kan tẹ àwòrán eku tí Midjourney yà jáde, nǹkan ọkùnrin rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kò sì ní ìtumọ̀ kankan. Ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n fi fagi lé e. Ẹni tó bá ti di eku mú rí kò nílò ẹ̀rọ kí ó tó mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ tí AI bá yà dáadáa kò ní ihò tó ṣe méjì, kò ní ìlà, àfiwé lásán kò ní mú un. Ẹ̀rọ bíi Proofig, tí àwọn jọ́nà Science kéde ní 2024 pé àwọn ń lò, wúlò gan-an fún àwòrán tó ṣe méjì, n kò sì rò pé ó yẹ ká fi gbogbo ọkàn lé e. Fáìlì tó ti inú kámẹ́rà wá, síláìdì tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sí, búlọ́ọ̀kù tó wà nínú àpótí, kí ẹnì kan lè gé e kó tún yà á: àwọn wọ̀nyẹn ni mò ń béèrè kí n tó fi orúkọ mi sí pépà. Àwọn kan ti torí ẹ̀ yọ orúkọ mi. Kò burú.

Bí ẹ bá rí i nínú pépà tó ti jáde, ẹ kọ̀wé sí olóòtú. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí, kì í ṣe ohun tí ẹ rò: Panel báyìí, Panel báyìí, yí èyí po, ibi tí mo fi ìlà yí ká bára mu. Ẹ má kọ "jìbìtì", ẹ má kọ "olè". Ìlànà tí COPE, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ìwà tó yẹ nínú títẹ pépà jáde, là sílẹ̀ fún àwọn olóòtú ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ bi àwọn tó kọ pépà, kí wọ́n tó lọ bá ilé iṣẹ́ wọn bí èsì kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ìyẹn sì ń gba àkókò. Pépà kan wà lórí àrùn Alzheimer tí Nature tẹ̀ ní 2006. Ìwé ìròyìn Science gbé iyèméjì Matthew Schrag, onímọ̀ nípa ọpọlọ, lórí àwòrán rẹ̀ jáde ní 2022. Ọdún 2024 ni wọ́n tó fagi lé e. Tiwa yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń tọ́ka sí i nínú pépà tuntun pé ewúro ń wo ẹ̀dọ̀ sàn ní 400 mg/kg. Bí mo bá ti rí wọn, mò ń kọ̀wé sí wọn. Àwọn díẹ̀ ti fèsì.